Kékeré Ló Ń Ṣíwájú Ńlá: Ohun Tí Àwòṣe Ọkọ̀ Òfuurufú Lè Kọ́ Wa

 

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní eré ọmọdé: kíkó àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú jọ, àti kíkọ́ wọn fún ara ẹni. Kì í ṣe àwòṣe kéékèèké tí a ń gbé ka orí tábìlì nìkan. A ń sọ nípa àwọn ńlá, tí gígùn wọn lè ju ti ènìyàn lọ, tí wọ́n fara jọ àwọn ọkọ̀ tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ìdánwò kí ayé tó mọ bí a ṣe ń fò dáadáa. Ohun tí àwa níbí ń pè ní avion, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní bàálù, ohun kan náà ni. Àwòṣe rẹ̀ ni àwọn elédè Faransé ń pè ní maquette.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ wá lógún rèé. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni, a ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́. Àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa fi wákàtí yẹn kọ́ àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú kan láti inú ọparun. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá kan wá bẹ iṣẹ́ wa wò. Ó dúró, ó wo ọparun, ó wo okùn, ó wo bébà tí a fi bo apá rẹ̀, ó wá bi wá léèrè pé: «Kí ni èyí wúlò fún?» Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ wákàtí méjì yẹn kúrò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè ọ̀gá náà kò burú. Ìbéèrè tó tọ́ ni. A kò rí ìdáhùn tó péye fún un lọ́jọ́ náà, torí náà a lọ wádìí, ohun tí a rí la fẹ́ kó sílẹ̀ fún yín níbí.

Àwòṣe ti wà kí ọkọ̀ tó wà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkọ̀ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́, kí àwọn ọmọdé tó wá fara wé e. Nínú ìtàn òfuurufú, ìdàkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ kò ṣe bí ìṣirò inú ìwé ṣe ní kó ṣe. Wọn kò bínú sọ iṣẹ́ náà nù, wọn kò sì kàn kọ́ òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Àpótí onígi kan ni wọ́n kàn, gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà méjì lọ, wọ́n fi fáànù sí ẹnu rẹ̀ kan kó lè máa fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n wá gé apá kéékèèké láti ara irin pẹlẹbẹ, bíi igba oríṣiríṣi, wọ́n ń gbé wọn sínú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú àpótí yẹn ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ tó gbéra ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré ni ìfò àkọ́kọ́ gbà. Ìfò kẹrin ọjọ́ náà gba ìṣẹ́jú-àáyá 59.

Ẹ wá wo ti Faransé. Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì tó ń gbé ní Paris, kọ́ ọkọ̀ kan tó pè ní 14-bis. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé mọ̀ pé «bis» túmọ̀ sí «lẹ́ẹ̀kejì». Ìdí orúkọ náà ni pé abẹ́ bàlúù gígùn rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14, ló kọ́kọ́ so ọkọ̀ tuntun náà rọ̀ sí kó lè mọ ìwà rẹ̀ lójú òfuurufú. Ó tún gbé e kọ́ sórí wáyà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń fà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ọ̀nà ìdánwò ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1906, ó fi ọkọ̀ náà fò bíi 60 mítà ní Bagatelle, ní Paris, níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó fò 220 mítà.

Àwọn ìdílé Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́ àti ní Ọ̀fìdà, tí àwọn baba ńlá wọn ti Bràsíìlì padà wá sílé, lè gbọ́ orúkọ yìí bí orúkọ ẹni tí wọ́n jọ mu omi odò kan náà. Ní Bràsíìlì títí dòní, Santos-Dumont ni wọ́n ń pè ní bàbá òfuurufú. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, àwòṣe 14-bis ni wọ́n gbé jáde lójú gbogbo ayé.

Ọkùnrin tí ó fi bébà bẹ̀rẹ̀

Nínú gbogbo ìtàn tí a rí, èyí tó wù wá jù ni ti Dale Reed. Ẹnjiníà ni, ó ń ṣiṣẹ́ fún NASA ní aginjù California. Ní nǹkan bí ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ti ń ronú nípa ọkọ̀ kan tí kò ní apá rárá, tí ara rẹ̀ nìkan á máa gbé e dúró sójú afẹ́fẹ́, kó lè ti ojú ọ̀run wálé láìjóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè fò. Àbí ẹ̀yin lè gbà? Ó dà bí ẹni pé wọ́n la ewé àgbàdo tí wọ́n ká bí ṣóńṣó sí méjì, tí wọ́n ní kí ìdajì rẹ̀ máa fò.

Reed kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fi bébà ṣe àwòṣe rẹ̀, ó jù ú nínú ilé, ó fò. Ó fi igi fífúyẹ́ kọ́ èyí tó tóbi díẹ̀, ó so ó mọ́ àwòṣe ọkọ̀ mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì tí ó ń fi télécommande darí, ìyẹn fà á lọ sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fi kámẹ́rà kékeré ya fíìmù rẹ̀. Fíìmù yẹn ni Reed gbé lọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ìwé kò lè mú wọn gbà, ojú wọn rí i.

Wọ́n fún un láyè. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ń jẹ́ M2-F1. Pátákó contreplaqué ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ọ̀pá irin ló wà nínú, owó tó ná wọn kò ju bíi 30,000 dọ́là lọ. Lọ́dún 1963, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Pontiac kan ni wọ́n fi fà á lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ títí ó fi gbéra, bí ọmọdé ṣe ń sáré fa ẹyẹ bébà. Lẹ́yìn náà, bàálù ló ń fà á lọ sókè. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ lára rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣe ọ̀nà fún ọkọ̀ Space Shuttle, tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ tó ń balẹ̀ bíi bàálù.

Lórí Space Shuttle yẹn náà, wọ́n tún padà sọ́dọ̀ àwòṣe. Wọ́n fẹ́ gbé e sẹ́yìn bàálù Boeing 747, bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, kí ó wá já kúrò lójú òfuurufú. Ẹ̀rù bà wọ́n: tí ó bá já, ṣé kò ní lọ gbá ìrù 747 náà? Òṣìṣẹ́ NASA kan, John Kiker, tí kíkọ́ àwòṣe jẹ́ ìgbádùn rẹ̀ nílé, kọ́ méjèèjì ní kékeré, ó fi télécommande fò wọ́n, ó já ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1977, ọkọ̀ gidi tí wọ́n ń pè ní Enterprise ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì balẹ̀ láyọ̀.

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, kékeré ló ń wọ̀ ọ́.

Bá a bá ń sọ ti owó, ẹ wo èyí. Láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun F-15 bá ń yí gbiri-gbiri bọ̀ nílẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ fi sínú rẹ̀? Wọ́n kọ́ àwòṣe rẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú 8 ti gidi, wọ́n ń já a láti abẹ́ bàálù B-52, awakọ̀ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó ń fi rédíò darí rẹ̀. Ọ̀kan àwòṣe náà jẹ́ bíi 250,000 dọ́là. Ọ̀kan F-15 gidi ju mílíọ̀nù 6 lọ. Tí kékeré bá já, owó ló sọnù. Tí ńlá bá já, ọmọ ènìyàn lè lọ sí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ńlá?

Ẹnì kan lè bi wá pé: tí kékeré bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kì í fi kọ́ ọ ní kékeré pátápátá, bíi ti orí tábìlì? Ibí ni ìṣirò ti wọ̀ ọ́, ibí náà sì ni iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ọkọ̀ kan, kí ẹ dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ohun tí Faransé ń kọ báyìí: échelle 1/4. Gígùn rẹ̀ á di ìdá kan nínú 4. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ ojú apá rẹ̀ á di ìdá kan nínú 16, torí pé gígùn àti ìbú ló dín kù pọ̀. Ìwúwo rẹ̀ ńkọ́? Gígùn, ìbú àti gíga ló dín kù, nítorí náà á di ìdá kan nínú 64, tó bá jẹ́ ohun kan náà ni a fi kọ́ ọ. Ọkọ̀ tó wúwo tó 640 kílò á wá di 10 kílò péré.

Ẹ rí i pé ìwúwo dín kù ju apá lọ. Apá àwòṣe náà kò ní iṣẹ́ tó pọ̀ tó ti gidi láti ṣe, nítorí náà ìdajì ìyára ọkọ̀ gidi ti tó láti gbé e dúró. Àmọ́ gbogbo ìwà rẹ̀ ló ń yá kánkán: bó bá fẹ́ yí, bó bá fẹ́ ṣubú, ìlọ́po méjì ti gidi ló fi ń yá. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹni tó ń darí àwòṣe fi gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Lójú ohun ńlá, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ó ń ṣàn. Lójú ohun kékeré púpọ̀, bíi yànmùyánmú, afẹ́fẹ́ kan náà ki bí ìgbà tí ènìyàn ń wẹ̀ nínú ògì. Bí àwòṣe bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ṣe é yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe ti gidi. Torí náà, ẹni tó fẹ́ kí àwòṣe òun sọ òótọ́ nípa ọkọ̀ gidi gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tóbi tó. Èyí ló fà á tí NASA àti McDonnell Douglas fi kọ́ X-36, ọkọ̀ tí kò ní ìrù, ní ìwọ̀n ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fò lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́dún 1997, kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ kó jọ, ìwọ̀n tún ní ìtumọ̀ mìíràn: àyè ilé. X-15, ọkọ̀ onírọ́kẹ́ẹ̀tì, gùn tó mítà 15 àti ààbọ̀. Ní 1/72, bíi sẹ̀ǹtímítà 21 ni, ó wọ inú àpótí bàtà. Ní 1/48, bíi sẹ̀ǹtímítà 32. Ní 1/4, ó sún mọ́ mítà mẹ́rin. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, kí ẹ sì rántí pé zémìdjan kò lè gbé e.

Àwọn tó ti lọ, tí àwòṣe ń dúró fún

Iṣẹ́ kejì tí àwòṣe ń ṣe ni ìrántí. Ọkọ̀ ìdánwò kì í pọ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ́, òmíràn sì máa ń bàjẹ́ kí iṣẹ́ tó parí.

Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ SNECMA kọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Coléoptère. Ìdí rẹ̀ ló fi ń jókòó sílẹ̀, tó nà ṣánṣán sókè. Apá rẹ̀ yí i ká bí òrùka. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1959, ó gbéra fúnra rẹ̀, kò sí okùn kankan tó dì í mú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún kan náà, ó ṣubú. Awakọ̀ rẹ̀, Auguste Morel, fò jáde, ó fara pa ṣùgbọ́n kò kú. Ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, wọn kò sì kọ́ òmíràn tó fò mọ́. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí i ní ojúkojú, àwòṣe nìkan ló lè wò.

X-15 mẹ́ta ni wọ́n kọ́. Méjì ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1967, awakọ̀ rẹ̀ Michael Adams sì bá a lọ. Ní ibùdó NASA tó wà ní Edwards, wọ́n kọ́ àwòṣe tó tóbi tó ti gidi, wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀kẹta yẹn sí i lára. Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi nǹkan sójú ibi tí ẹni wa ti lọ.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀nà láti dé Paris, ẹ lọ sí Musée de l'Air et de l'Espace ní Le Bourget. Leduc tó dà bí páìpù tó ní apá wà níbẹ̀, Griffon tó fò ju ìlọ́po méjì ìyára ìró lọ lọ́dún 1959 wà níbẹ̀, Concorde 001 tó kọ́kọ́ gbéra ní Toulouse ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1969 náà wà níbẹ̀. Awakọ̀ kan náà, André Turcat, ló fi Griffon àti Concorde yẹn ṣe orúkọ.

Àwòṣe tún lè kọ́ni ní ìrẹ̀lẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọgọ́rùn-ún ọdún pé tí àwọn Wright fò. Wọ́n kọ́ ọkọ̀ wọn lákọ̀tun, ìwọ̀n kan náà, ọ̀nà kan náà, wọ́n gbé e lọ síbi kan náà níwájú ọ̀pọ̀ èrò. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ó ti fò díẹ̀. Ní ọjọ́ ńlá náà, òjò rọ̀, atẹ́gùn kò tó, ọkọ̀ náà sáré títí, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn kan rò pé ìtìjú ni. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ayé mọ bí nǹkan ṣe le tó fún àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, àti pé atẹ́gùn líle ọjọ́ náà ní 1903 wà lára àwọn tó gbé wọn sókè.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Èyí ni ohun tí a rí kọ́, tí a sì ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọkọ̀ kan ṣoṣo àti ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ìdánwò kì í wà bákan náà títí. Ẹ wo X-15 kejì: dúdú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, tí ó sáré ju 7,200 kílómítà ní wákàtí kan lọ, funfun ni ó wọ̀, torí pé wọ́n fi nǹkan kan kùn ún kí iná má baà jó o. Síbẹ̀ ooru dá ihò sí i lára. Tí ẹ bá kun àwòṣe yín ní dúdú tí ẹ sì kọ ọjọ́ yẹn sí i, irọ́ lẹ pa.

Ẹ wá àwòrán rẹ̀ láti ojú mẹ́ta: láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti iwájú. Ẹ fi wé fọ́tò, torí àwòrán lè ṣì. Kí ẹ ní ìwé kan tí ẹ pín sí méjì: ní apá kan, ẹ kọ ohun tí ẹ rí lójú fọ́tò, ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ẹ fojú díwọ̀n. Olùkọ́ tó bá lè jẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín «mo rí i» àti «mo rò ó», iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ lo ohun tó wà nítòsí. Santos-Dumont kan náà kọ́ ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìn 14-bis, ó pè é ní Demoiselle. Ọparun ló fi ṣe ara rẹ̀! Kò gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ló ni ín. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kọ́ ọ. Ìwé ìròyìn Popular Mechanics tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1910. Apá rẹ̀ fẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ díẹ̀, nítorí náà ní 1/4, kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Òun ni àwa mú.

Ẹ ṣọ́ra. Bátìrì lithium tó bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì fi èyíkéyìí sílẹ̀ lórí iná kí ẹ lọ sùn. Abẹ́ tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì ń gé ìka. Ẹ má fò ó nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, nítòsí ọjà, tàbí lórí ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ aláṣẹ àdúgbò kí ẹ tó fò ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì. Tiwa kò ní ẹ́ńjìnnì rárá: a so òkúta kékeré síbi tí ẹ́ńjìnnì ì bá wà, a ń sáré fi okùn fà á.

Ọparun tútù

Ẹ jẹ́ ká parí pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa.

Ọjọ́ tí a parí rẹ̀, a gbé e sórí ìka méjì lábẹ́ apá, kí a lè mọ ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba. Ó dọ́gba gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ. Inú gbogbo wa dùn. Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, a gbé e kọ́ òkè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a padà, a gbé e lọ sí pápá, a fà á. Ó gbéra bí i ti bàbá rẹ̀. Kí a tó pàtẹ́wọ́, ó gbé imú sókè, ó dúró lójú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan nílé, ó sì fi ìrù balẹ̀. Ọparun ẹ̀gbẹ́ kan ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin wa, òun ló ṣe gbogbo ìṣirò náà, kò lè sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ló ní kí a tún un wọ̀n. Imú rẹ̀ ti fúyẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Báwo? Ó ronú títí, ó rí i: ọparun tí a fi ṣe iwájú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni, ó ṣì tutù. Èyí tí a fi ṣe ìrù ti pẹ́ ní àjà, ó ti gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi ti gbẹ kúrò nínú ti iwájú, ìwúwo ti sún sẹ́yìn, ọkọ̀ wa kò sì sọ fún wa. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣì. Ohun tí a wọ̀n ló yí padà lẹ́yìn tí a ti wọ̀n ọ́n.

Ọmọ yẹn máa di olùkọ́ ní ọdún tó ń bọ̀. Bóyá abúlé kan lẹ́bàá Kétu ni wọ́n máa rán an lọ, yóò sì dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ láti kọ́ wọn ní ìpín àti ìwọ̀n. A gbà pé kò ní gbàgbé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n tún un wọ̀n. Kò sí ìwé kan tí a lè fún un kà tó máa kọ́ ọ ní ìyẹn bí ọparun ṣe kọ́ ọ.

Ìdáhùn wa sí ọ̀gá náà nìyẹn. A ti kọ ọ́ sí lẹ́tà, a ti fi ìwé alápá méjì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tì í, a ti fi ránṣẹ́. Wọn kò tíì dá wa lóhùn. Ọparun tuntun wà lábẹ́ òrùlé báyìí, ó ń gbẹ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni a ń wọ̀n ọ́n, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ńbà náà kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.